OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ: ÀGBÉYẸ̀WÒ OBÌNRIN ALÁÌLÓJÚ INÚ KÀTÚÙNÙ TOM AND JERRY LÓRÍ ÀWO FÍDÍÒ

Ìfáárà

Kí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó wọ ilé Yorùbá ni Yorùbá ti mọ̀ pé àárín ológbò àti èkúté kò gún. "Bí ológbò bá jáde nílé, ilé di ilé èkúté" ni àwọn àgbà máa ń wí. Nítorí náà, nígbà tí kàtúùnù Tom and Jerry bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wọ ìgboro, kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Ológbò ń lé èkúté, èkúté ń fi ọgbọ́n gbé ológbò ṣubú. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Orúkọ àwọn ẹranko méjèèjì ti di àdàpè láwùjọ: bí ọmọ ìyá méjì bá ń figa gbága lójoojúmọ́, tí wọn kò sì lè ya ara wọn, àwọn ará ilé a ní Tom and Jerry ni wọ́n.

Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di òbí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di olùkọ́. Kàtúùnù náà sì ti padà wá bá wọn lórí àwo fídíò. Ìyàtọ̀ wà láàárín wíwò ti àtijọ́ àti wíwò ti ìsinsìnyí. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sáré gbé kọjá, àwo fídíò fún òǹwòran ní àǹfààní láti dá a dúró, láti dá a padà, kí ó sì fi ẹ̀dà kan wé òmíràn. Bí àgbàlagbà bá sì dá a dúró lóòótọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ mú un lójú kì í ṣe ológbò, kì í ṣe èkúté. Ẹsẹ̀ dúdú méjì nínú bàtà ilé ni, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èrèdí iṣẹ́ yìí ni láti yẹ obìnrin tí ó ni ẹsẹ̀ náà wò: bí wọ́n ṣe yà á, ohun tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe láti ọdún 1940 títí di àkókò àwo fídíò, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi fíìmù náà han àwọn ọmọ láìtan wọ́n jẹ.

Iyì Tí Kò Ṣá

Ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ san gbèsè tí ó jẹ iṣẹ́ náà. William Hanna àti Joseph Barbera ni wọ́n dá Tom and Jerry sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM ní California. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Puss Gets the Boot, tí ó jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1940. Nínú rẹ̀, Jasper ni orúkọ ológbò náà; kò tíì di Tom. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1958, fíìmù 114 ni àwọn méjèèjì darí, méje nínú wọn sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Àwọn ẹlòmíràn bá wọn ṣe é lẹ́yìn náà: Gene Deitch ṣe 13 ní ìlú Prague, Chuck Jones sì ṣe 34 láàárín 1963 sí 1967. Àwọn 114 ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ yìí dá lé, nítorí inú wọn ni adùn wà, inú wọn náà sì ni ìṣòro wà.

Adùn náà kò dín kù lójú àgbàlagbà. Orin tí Scott Bradley kọ fún àwọn fíìmù náà ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹranko bí onídùndún ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó: bí Tom bá yọ́ kẹ́lẹ́, orin a yọ́ kẹ́lẹ́, bí ó bá ṣubú láti orí àkàsọ̀, ohùn orin náà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Nínú The Cat Concerto (1947), Tom jókòó sídìí dùùrù láti lu orin Liszt, Jerry sì wà nínú dùùrù níbi tí ó ti ń sùn. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ òǹwòran mọ ẹni tí ń gbéra ga, ó mọ ẹni tí ń gbẹ̀san. Igbe oró tí Tom máa ń ké, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ohùn Hanna fúnra rẹ̀ ni.

Àwọn alámèyítọ́ kan lè fẹ́ fi Jerry wé Ìjàpá nítorí pé kékeré ń fi ọgbọ́n ṣẹ́gun ńlá. Ìfiwéra náà kò rìn jìnnà. Ìjàpá inú àlọ́ kì í ṣe aláìlera tí ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nìkan. Wọ̀bìà ni, olè ni, àlọ́ sì máa ń fi ìyà jẹ ẹ́ ní ìkẹyìn. Jerry kì í sábà jìyà. Ibi tí ó ti súnmọ́ Ìjàpá jù ni The Million Dollar Cat (1944). Níbẹ̀, Tom jogún mílíọ̀nù kan dọ́là, ṣùgbọ́n owó náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe ẹ̀dá abẹ̀mí kankan ní ibi, títí kan èkúté. Jerry gbọ́ èyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú Tom gbolẹ̀. Nígbà tí ó sú Tom, ó yọwọ́ nínú owó náà, ó sì lu Jerry bí ẹni lu bàrà. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ àlọ́ dáadáa yóò mọ̀ pé ẹjọ́ náà tọ́.

Obìnrin Tí Kò Ní Ojú

Nínú fíìmù tí ó súnmọ́ ogún, láti 1940 títí di 1952, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni ó ń ṣe àkóso ilé tí Tom àti Jerry ń gbé. Obìnrin sísanra ni. Ó wọ aṣọ ìdáná lé aṣọ, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ó ti rọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Òun ni ó ń gbá ilẹ̀, òun ni ó ń tọ́jú fíríìjì, òun náà ni ó ń dájọ́. "Thomas" ni ó máa ń pe Tom nígbà tí inú bá ń bí i, gẹ́gẹ́ bí ìyá Yorùbá ṣe ń pe ọmọ tí ó ti ṣẹ̀ ní odindi orúkọ àbísọ rẹ̀. Bí ó bá lé Tom síta, Tom di aláìnílé. Àṣẹ rẹ̀ ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ìtàn náà síwájú. Nínú Puss Gets the Boot, ó kìlọ̀ fún ológbò pé bí nǹkan kan bá tún fọ́, òde ni yóò sùn. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, èkúté ti mọ ohun ìjà rẹ̀: kí ó kàn gbé ife sókè, kí ó sì ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ jù ú sílẹ̀. Bí a bá yọ obìnrin náà kúrò, kò sí ìtàn mọ́.

Síbẹ̀, kò ní ojú. Láti àyà sísàlẹ̀ ni wọ́n ń yà á, nígbà mìíràn láti orúnkún sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù náà kò dárúkọ rẹ̀. Mammy Two Shoes ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà ń ṣe àlàyé ara rẹ̀. Mammy ni orúkọ tí àwọn òyìnbó apá gúúsù Amẹ́ríkà ń pe obìnrin dúdú tí ó ń tọ́ ọmọ wọn láti ìgbà oko ẹrú wá. Ìyókù orúkọ náà kò ju bàtà méjì lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé Yorùbá fẹ́ràn kí a máa wo ojú ara wa lásán. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kì í pé títí ojú yóò fi bá ojú pàdé. Ẹni tí a bá fẹ́ yẹ́ sí, ojú rẹ̀ ni a ń wò. Ẹni tí a kò kà sí, a ní a fi ojú fò ó dá. Ní ti obìnrin yìí, àwọn ayàwòrán fi ojú fò ó dá ní gbangba, wọ́n sì tún fi í ṣe olórí ilé. Ìtakora yìí ni ọmọ kékeré kò rí.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ọgbọ́n ayàwòrán lásán ni, pé ojú ẹranko ilẹ̀ ni a fi ń wo ayé kàtúùnù náà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ológbò sì ń rí jù. Àríyànjiyàn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú Pet Peeve (1954), lẹ́yìn tí obìnrin náà ti kúrò, tọkọtaya òyìnbó ni ó ni ilé, a kò sì rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ti àwọn òyìnbó kò pẹ́ títí. Nígbà tí ó fi di Busy Buddies (1956), ọmọbìnrin òyìnbó kan tí wọ́n gbà láti ṣọ́ ọmọ jòjòló wọlé. Òṣìṣẹ́ ni òun náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ká a lára, nítorí ìdí tẹlifóònù ni ó jókòó sí. Ó ní ojú, ó ní orúkọ, Jeannie ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó fi ọdún méjìlá gbá ilé kò rí irú rẹ̀ gbà.

Ó yẹ kí a fi Saturday Evening Puss (1950) ṣe ọ̀tọ̀. Nínú rẹ̀, obìnrin dúdú náà múra, ó lo ẹ̀ṣọ́, ó sì bọ́ sóde lálẹ́ ọjọ́ Sátidé láti lọ ta káàdì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò lọ sí ibi iṣẹ́, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ọ̀gá òyìnbó kankan nínú ilé náà. Tom kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń lu orin jáàsì kíkankíkan, Jerry kò sì rí oorun sùn títí ó fi pe obìnrin náà lórí fóònù. Eré àsápajúdé ni obìnrin náà sá padà wálé. Ta ni ó ni ilé yìí? Fíìmù náà fi àyè sílẹ̀ kí òǹwòran gbà pé tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni kàtúùnù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n dá obìnrin náà fún, ibẹ̀ sì ni ó ti wuni jù.

Ohùn Tí A Gbà Lẹ́nu Rẹ̀

Ẹni tí ó ni ohùn obìnrin náà ni Lillian Randolph, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó lókìkí lórí rédíò Amẹ́ríkà. Ó kópa nínú It's a Wonderful Life (1946), ó sì dàgbà títí ó fi kópa nínú Roots ní ọdún 1977. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn kàtúùnù náà. Ipa ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ ipa tí Hollywood ní fún àwọn bí tirẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 1940 tí Puss Gets the Boot jáde náà ni Hattie McDaniel gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ipa tí ó sì fi gbà á ni ti Mammy nínú Gone with the Wind.

Àbùkù wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún Lillian Randolph. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ó sípẹ́lì ọ̀rọ̀ kékeré kan kí ó sì ṣì í, kí òǹwòran lè fi àìmọ̀wé rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n etí tí ó mọ ohùn yóò gbọ́ ju àbùkù lọ. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó fa ọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ké e kúrú. Ìkìlọ̀ rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò ní ìbínú, a sì gùn dé ibi tí Tom yóò fi máa gbọ̀n. Láìlo ojú, láìlo ọwọ́, ohùn nìkan ni ó fi dá ènìyàn kan tí a mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣeré tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ohùn lè dá ṣe kò gbọdọ̀ fo iṣẹ́ yìí.

Àjọ NAACP àti àwọn mìíràn bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀dá-ìtàn náà, ẹ̀sùn wọn sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìfarahàn rẹ̀ ìkẹyìn ni Push-Button Kitty (1952), níbi tí ó ti ra ológbò onírin kan láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Tom. (Ó jọni lójú pé fíìmù tí ẹ̀rọ ti ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni òun náà fi dágbére.) Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà sì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ojú ṣùnnùkùn wò. Ní àárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn fíìmù náà ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún àwọn kan yà. Ẹsẹ̀ dúdú di ẹsẹ̀ obìnrin òyìnbó, June Foray sì fi ohùn mìíràn sí i. Saturday Evening Puss wà lára wọn: obìnrin tí ó ń lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta káàdì di ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń lọ jó. Ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí Cartoon Network ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, wọ́n tún pe Thea Vidale, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, láti sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀ka-èdè àwọn dúdú ti kúrò nínú rẹ̀.

Ti 1960 yẹn ni ó burú jù. Wọ́n ní àwọn ń mú ẹ̀gàn kúrò, obìnrin dúdú fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú kúrò. Ti 1990 ní èrò rere nínú, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ ọwọ́ Lillian Randolph dànù, ó sì gbà láìsọ ọ́ pé ẹ̀ka-èdè náà fúnra rẹ̀ ni àbùkù. Olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó dákẹ́ nínú kíláàsì nítorí pé wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ̀ pé a kì í wo àìsàn ẹlẹ́yàà nípa gígé ahọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yàà.

Ohun kan wà tí a lè rí nígbà tí a bá gbé ẹ̀dà méjèèjì síwájú ara wọn lórí àwo. Ìdí tí ó fi rọrùn láti pààrọ̀ ohùn obìnrin yìí ni pé kò ní ètè tí a lè rí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ya ojú fún un, ọ̀rọ̀ tuntun kì bá bá ìṣípòpadà ẹnu rẹ̀ mu, wọn ì bá sì ná owó púpọ̀ kí wọ́n tó lè yí i padà. Àìlójú tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà ní 1940 ni ó sọ ohùn rẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè bọ́ sílẹ̀, kí ó sì gbé òmíràn wọ̀. Bí ojú kò bá sí, ọ̀rọ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí.

Àwọn àwo tí ilé-iṣẹ́ Warner gbé jáde lábẹ́ orúkọ Spotlight Collection ní 2004, 2005 àti 2007 fi hàn pé wọn kò tíì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbé e gbà. Lórí ti 2005, Whoopi Goldberg fúnra rẹ̀ jáde, ó bá òǹwòran sọ̀rọ̀ nípa obìnrin náà àti ìdí tí kò fi yẹ kí a yọ ọ́ kúrò. Ọ̀nà tí ó dára jù nìyẹn: ènìyàn kan jókòó, ó ní ojú, ó sì ṣe àlàyé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ kan náà yọ fíìmù méjì, Mouse Cleaning àti Casanova Cat, kúrò nínú ìdìpọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n wà. Ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n kéde Golden Collection apá kejì láìsí méjèèjì nínú rẹ̀, inú bí àwọn olùgbà fíìmù náà débi pé wọ́n dá àgbéjáde rẹ̀ dúró.

Èédú àti Ẹ̀rín Méjì

Kí ni ó wà nínú Mouse Cleaning (1948) tí wọ́n fi gbé e pamọ́ nígbà náà? Obìnrin náà fẹ́ lọ sọ́jà. Ó kìlọ̀ fún Tom pé bí òun bá bá ìdọ̀tí kan ṣoṣo nílé, Tom yóò kó ẹrù rẹ̀. Jerry sì pinnu láti ba ilé jẹ́. Bí Tom ti ń nù ún ni Jerry ń dà á. Ní ìkẹyìn, ọkọ̀ èédú kan tú ẹrù rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ inú ilé, ó sì gbá obìnrin náà lọ. Tom yọ jáde láti inú èédú, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn aláwàdà òyìnbó tí ń kun ojú ní dúdú láti fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀lẹ àti òmùgọ̀. Òun ni àpárá tí fíìmù náà fi parí.

Ọmọ Yorùbá tí ó wo èyí rẹ́rìn-ín. Kí ni ó ń rín? Ó rí ẹni tí ó fẹ́ kí ilé mọ́ tí òun fúnra rẹ̀ wá di ìdọ̀tí. Ẹ̀rín ọmọ náà kò ní í ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wà nílé rẹ̀ ni ó dúdú. Nínú èdè rẹ̀, adúmáadán jẹ́ orúkọ ìyìn fún ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú tí ó sì ń dán. Bí ó bá rí ojú tí èédú bò, omi ni yóò ní kí wọ́n fi bọ́ ọ. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù náà kò kọ àpárá wọn fún un. Lójú wọn, dúdú fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín méjì pàdé nínú fíìmù kan, ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì wà. Nígbà tí àgbàlagbà bá tún fi àwo náà sínú ẹ̀rọ, tí ó sì gbọ́ ohùn tí Tom fi sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú ní gbogbo ìgbà tí òun ń pàtẹ́wọ́.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ọwọ́ Yorùbá mọ́. Àwọn eégún alárìnjó ti ń fi àjèjì ṣe ẹ̀fẹ̀ tipẹ́: wọ́n ní ẹ̀kú Tápà, wọ́n ní ti Ìdàhọ̀mì, wọ́n sì ní ti Òyìnbó. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ṣeré níwájú Aláàfin, wọ́n sì gbé àwòrán òyìnbó jáde níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Òyìnbó jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe eré náà, ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin inú kàtúùnù kò ní àga láàárín àwọn tí ń wò ó. Ohun tí ó súnmọ́ ti Mammy Two Shoes jù lọ lọ́dọ̀ Yorùbá ni mẹ́gáàdì inú fíìmù àgbéléwò: ọkùnrin Òkè Ọya tí ó ń ṣí géètì, tí ó ń sọ Yorùbá wọ́gọwọ̀gọ, tí fíìmù kò sì sọ ìyàwó rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀ fún wa. Wọ́n ya ojú fún un, òótọ́ ni. Iye ọ̀rọ̀ tí ojú náà rí sọ ju ti bàtà méjì lọ díẹ̀ péré.

Àwo Náà nínú Kíláàsì

Olùkọ́ tí ó fẹ́ lo fíìmù fún ẹ̀kọ́ ìsọ̀tàn tàbí ìṣeré kò lè rí ohun tí ó gbé àwọn ọmọ nínú bí èyí. Ìmọ̀ràn tí iṣẹ́ yìí lè fún un ni pé kí ó kọ́kọ́ dá etí rẹ̀ lé àwo tí ó rà. Ọ̀pọ̀ àdàkọ tí wọ́n ń tà ní ìgboro kò sọ ibi tí wọ́n ti gba fíìmù wọn. Lórí àwo kan, ohùn Lillian Randolph ni yóò gbọ́. Lórí òmíràn, ti Thea Vidale. Bí ó bá rí ẹsẹ̀ òyìnbó níbi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ dúdú wà, kí ó mọ̀ pé àtúnyà ni. Kí ó má ṣe ju èyíkéyìí nù. Ẹ̀dà méjì fíìmù kan náà jẹ́ ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì. Fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré, The Cat Concerto tó. Kò sí ìdí láti fi Mouse Cleaning hàn wọ́n kí wọ́n tó lè béèrè ìbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ girama lè rù ú. Kí olùkọ́ pa ohùn ẹ̀rọ náà, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí obìnrin náà yóò bá Tom sọ. Kí ó kíyè sí irú Yorùbá tí wọ́n fi sí i lẹ́nu: ṣé ti ìyá wọn ni, àbí ti ọmọ-ọ̀dọ̀? Kí ó bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fẹ́ máa pè é, ṣé Ìyá Thomas ni tàbí òmíràn. Bí ọmọ Òkè Ọya kan bá wà nínú kíláàsì náà, kí ìbéèrè nípa mẹ́gáàdì má ṣe di ohun tí a ó fi í hàn. Kí olùkọ́ bi àwọn tó kù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wá fi Saturday Evening Puss sínú ẹ̀rọ, èyí tí ẹsẹ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, kí ó sì fi ìka sórí bọ́tìnnì ìdádúró. Níbi tí obìnrin náà ti ń sáré bọ̀ wálé, tí inú ń bí i, orí rẹ̀ yọ wọ inú àwòrán. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ojú lásán kò sì lè tètè mú un. Kí ó dá a dúró níbẹ̀.